Àníkẹ́, má gba ọ̀nà Líbíà

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Mo pè títí, o kò gbé e. Ara wa le níbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ ti wálẹ̀ díẹ̀, ó ń lo oògùn rẹ̀. Àbúrò rẹ ti san owó WAEC. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí ìbejì. Kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti Èkó dé lọ́jọ́ Àìkú ló sọ fún mi pé o ti ta fìríìjì rẹ àti bẹ́ẹ̀dì rẹ, o kó owó fún ọkùnrin kan tí yóò kó yín gba Kánò lọ sí Àgádéz ní ilẹ̀ Niger, kí ẹ ti ibẹ̀ wọ Líbíà. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ẹnu rẹ lòun ti gbọ́ ọ, pé ọdún tí o lò nílé ìwé ti ṣòfò, o kò ní jẹ́ kí ìyókù ayé rẹ ṣòfò sí Nàìjíríà.

Àníkẹ́, ṣé òótọ́ ni?

Ọdún ṣòfò lóòótọ́, mi ò ní bá ọ jiyàn. Ní 2020, láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2022, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà. Àwọn tẹ́ ẹ jọ wọlé ń relé ọkọ, ìwọ ń bá mi ro ọṣẹ lẹ́yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n ìwé tí o kà kò ṣòfò. Má tún sọ ọ́ mọ́. Ṣé o ti gbàgbé ohun tí mo fi rán ọ ni? Èèpo kòkó tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lóko Ifẹ̀tẹ̀dó, tó ń jẹrà síbẹ̀, òun ni mo ń kó wálé. Mo ń sá a, mo ń sun ún, mo ń sẹ́ eérú rẹ̀, mo wá ń fi omi rẹ̀ se àdín títí tí yóò fi di ọṣẹ. O mọ bí èéfín yẹn ṣe ń ta lójú. Inú ìkòkò yẹn ni owó ilé ìwé rẹ ti jáde, àti owó yàrá. Àdín ti wọ́n gógó báyìí, mo ṣì ń sè é. Ìwọ wá jókòó sÉkòó, o gbé owó fún ẹni tí o kò mọ ilé bàbá rẹ̀! Kí ló dé ọ?

Owó náà kọ́ ló ń dùn mí. Bí o bá ti san án, jẹ́ kó ṣòfò, má tẹ̀ lé e. Ọmọ ni mi ò fẹ́ ṣòfò.

Ní oṣù kọkànlá 2017, wọ́n gbé òkú ọmọbìnrin 26 jáde nínú òkun tó wà láàárín Líbíà àti Ítálì. Wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú wọn. Salerno ní Ítálì ni wọ́n sin wọ́n sí, ọ̀pọ̀ ni wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n fi sin ín. Oṣù yẹn náà ni gbogbo ayé rí fídíò ibi tí wọ́n ti ń ta ènìyàn dúdú lówó ní Líbíà. Kẹ́ ẹ tó dé òkun, aṣálẹ̀ wà níwájú. Ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, òùngbẹ ni í pa èrò inú rẹ̀. Mi ò sùn mọ́, Àníkẹ́. Bí ojú mi bá ti pa dé, àárín iyanrìn ni mo ń rí ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́dún 2022 yẹn, lọ́jọ́ tí ọṣẹ jóná mọ́ ìkòkò tí o ń tẹ fóònù, mo pariwo pé gbogbo owó mi ti ṣòfò lé ọ lórí. Àwọn ará ilé gbọ́. O kò fèsì, o mú garawa, o lọ fa omi. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi létí. Gbèsè ló ń sun mí nínú lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìwọ. Bẹ́ẹ̀ ìwọ yìí kan náà lo bá mi ka ìwé àwọn tó yá mi lówó, tí o rí i pé èlé tí mo ti san ni wọ́n tún ń gbà. Ta ni ì bá bá mi rí i? Dárí jì mí, ọmọ mi. Má fi ọ̀rọ̀ tí mo fi ìbínú sọ ṣe ọ̀nà tí wàá rìn.

Mi ò ní kí o má lọ sókè òkun. Gba físà, wọ bàálù, màá sìn ọ́ dé Ìkẹjà. Ilẹ̀ tí mo rà ní Mọdákẹ́kẹ́ ṣì wà níbẹ̀, bí a bá máa tà á, ká tà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Líbíà, rárá. Rárá o!

Ṣé ọwọ́ rẹ ni páálí ìrìnnà rẹ wà àbí ọwọ́ ọkùnrin yẹn? Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Mo ń bọ̀ ní Sátidé, ọkọ̀ àárọ̀ ni màá wọ̀. Má ṣí kúrò níbi tí o wà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ