Lẹ́tà sí Àkànní, ọmọ ìyá mi, lórí ìwé tí kọ́ọ̀tù fi pè mí

Àkànní,

O ò gbé fóònù mi mọ́ láti ìgbà tí bélíìfù ti mú ìwé yẹn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù n'Ítòkú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí, bóyá ẹnì kan á kà á fún ẹ. Wọ́n ní o sọ nílé Bọ̀dá Àgbà pé mo ti tà ẹ́. Mo tà ẹ́ fún ta? Èmi kọ́ ni mo lọ bá lọ́yà ìyàwó wa o, lọ́yà yẹn ló ní kí kọ́ọ̀tù pè mí wá jẹ́rìí lórí ọ̀dọ̀ ẹni tí Àdùkẹ́ ọmọ yín máa gbé, torí ọ̀dọ̀ mi ní Láfẹ́nwá ni ìyàwó wa àti ọmọ náà sá wá nígbà tí ìjà yín le.

Bọ̀dá ní kí n sọ pé mo ti lọ ra ọjà ní Kútọnu. Ìwé yẹn kì í ṣe ìwé ìpè òde, Àkànní. Tí mi ò bá lọ tí mi ò sì ní ìdí gidi, adájọ́ lè ní kí ọlọ́pàá wá gbé mi. Wọ́n tiẹ̀ ti là á yé mi pé ohun tí mo fojú ara mi rí, tí mo fetí ara mi gbọ́, ni kí n sọ, kì í ṣe wọ́n-ní-wọ́n-pé. Kí ni mo rí? Mo rí ẹ tó o jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ò ń ya irun ọmọ yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà dùn ún. Mo tún rí alẹ́ tí ibà gbé e dè, tí mo ń pè ẹ́ tó o ń pa fóònù torí pé ò ń bínú sí ìyá ẹ̀. Méjèèjì ni mo máa sọ. Lọ́yà yẹn ní òfin ìgbéyàwó ti 1970, tí wọ́n fi ń dájọ́ ẹni tó ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù bíi tiyín, ohun tó máa ṣe ọmọ láǹfààní ló fi ṣáájú, ẹ̀tọ́ bàbá tàbí ti ìyá ẹ̀yìn ẹ̀ ló wà.

Ibi tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni Màámi ti wá sí mi lọ́kàn, ọjọ́ tí wọ́n wá mú ẹ lọ. O ní o ò rántí, mo gbà, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni ẹ́. Èmi rántí. Màámi wà nídìí ìkòkò aró, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, aṣọ ẹlẹ́kọ tí oníbàárà fẹ́ gbà nírọ̀lẹ́ ló ń rẹ. Bàbá ò tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú Píjò ẹ̀, àbúrò ẹ̀ ló rán wá, ìyẹn gbé ẹ nílẹ̀, ó ní ọmọ ọkùnrin kì í gbé lọ́dọ̀ ìyá. Màámi sáré tẹ̀lé wọn ó di ṣẹ́ẹ̀tì ẹ mú lẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀ sì yà sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, ìka márààrún, aró tó ṣì ní àwọ̀ ewé torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, tí mo ń wò ó tó ń di dúdú bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín, torí wọ́n fẹ́ fi mọ́tò gbé ẹ.

Ta ló sọ fún Bàbá pé Màámi ti kó wa padà sí Ìtòkú? Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́, ta ló fọ̀ ọ́, àbí wọ́n jù ú nù? Mo bi ìyàwó Bàbá nígbà ayé ẹ̀, ó ní òun ò rí ṣẹ́ẹ̀tì kankan. Màámi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó padà sídìí ìkòkò, ó parí aṣọ oníbàárà. Títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan tó rí lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi èmi náà.

Ìwọ yìí náà, tó o máa ń di mọ́ ìró Màámi tí wọ́n bá fẹ́ mú ẹ padà lẹ́yìn ọdún, ìwọ lo wá ń sọ fún mọ̀lẹ́bí pé bàbá ló lọmọ? Ó dùn mí ju ti pé o ní mo tà ẹ́ lọ. Mi ò ní kí wọ́n má gbé ọmọ fún ẹ o. Adájọ́ lè ní kó wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, kó o máa wá wò ó kó o sì máa sanwó ilé ìwé, ó sì lè yí àṣẹ yẹn padà tó bá yá.

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Lọ́yà tìẹ á dìde, á bi mí pé ọkọ tèmi dà. Kí n ti wí? Pé ó ní òun ń wáṣẹ́ lọ s'Ábújá, nọ́ńbà ẹ̀ ò sì lọ mọ́? Ọmọ mi ti ga jù mí lọ, kò béèrè bàbá ẹ̀ mọ́, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ọjà ò tà, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún Ìtòkú, wọ́n ń pè é ní àdìrẹ, oníbàárà á fọwọ́ pa tèmi, á ní ó dáa, á lọ ra tọ̀hún torí kò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì sún ẹjọ́ yín síwájú, ṣọ́ọ̀bù ni mo máa tì.

Mo máa lọ ṣá. Tó o bá rí mi lọ́hùn-ún, wá kí mi, má ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ mí níwájú àwọn lọ́yà. Owó àjọ tí mo dá sọ́wọ́ ẹ ò tíì wọlé, bí inú bá tiẹ̀ ń bí ẹ, fi ránṣẹ́, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ń halẹ̀ pé òun máa kó ẹrù mi síta.

Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ,
Àbẹ̀ní