Ìwé àṣẹ nìkan kọ́ ni iléeṣẹ́ ìtọ́jú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìròyìn. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dá iléeṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Inú mi dùn pé ẹ rántí wa. Àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí òǹkọ̀wé yín ti sọ ọ́ bíi pé téèyàn bá ti gba ìwé àṣẹ, ó ti bùṣe, kí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan, máa sanwó ló kù. N kò lè ka ìyẹn kí n dákẹ́. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè jẹ gbèsè ọrùn, ìyá arúgbó kan sì lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì láìrí ẹni tí yóò gbé e dìde.

Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mò ń gbé. Iṣẹ́ bíìlì ni mò ń ṣe ní iléeṣẹ́ ìtọ́jú nílé kan tí ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀. Èmi ni mò ń yẹ wákàtí àwọn olùtọ́jú wò, èmi ni mò ń fi bíìlì ránṣẹ́, èmi náà ni mò ń bá àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò tí ìjọba gbé iṣẹ́ Medicaid fún fa ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní àwọn kò ní í san. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún gbogbo ẹni tó ń gbèrò láti wọ iṣẹ́ yìí ni pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìwé rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì ní owó òṣìṣẹ́ nílẹ̀, kí wọ́n tó gba ẹyọ aláìsàn kan ṣoṣo sọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tó wà nílé. Ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó bí Medicaid. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló jọ ń gbé owó rẹ̀, àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan ló sì wà fún. Medicare, tí àwọn tó ti pé ọdún 65 ń lò, kì í sanwó fún ẹni tí yóò máa wẹ arúgbó, tí yóò máa fún un lóúnjẹ lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ. Medicaid ló ń san ìyẹn. Láyé ìgbà kan, kí wọ́n tó san án, wọ́n á fẹ́ kí èèyàn wà ní ọsibítù tàbí ilé ìtọ́jú arúgbó. Ní 1981, ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Katie Beckett ní Iowa dé etí Ààrẹ Ronald Reagan: ọmọ náà lè gbé nílé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, owó rẹ̀ ì bá sì dín kù, ṣùgbọ́n tó bá kúrò ní ọsibítù, Medicaid á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni òfin fàyè gba àwọn ìpínlẹ̀ láti máa sanwó ìtọ́jú nílé. Nígbà tó di 1999, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ Lois Curtis àti Elaine Wilson, àwọn obìnrin méjì láti Georgia, pé títi ẹni tó lè gbé láàárín àwùjọ mọ́lé ìtọ́jú láìnídìí, ìyàsọ́tọ̀ tí òfin kọ̀ ni.

Síbẹ̀, ọ̀ràn-anyàn ni kí ìpínlẹ̀ sanwó ilé ìtọ́jú arúgbó, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú nílé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ bóyá yóò ṣe é tàbí kò ní í ṣe é, àti iye èèyàn tí yóò gbà. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi gùn. Ó lé ní 600,000 èèyàn tí orúkọ wọn wà lórí ìwé ìdúró káàkiri Amẹ́ríkà, Texas sì wà lára àwọn tí tiwọn gùn jù. Àwọn ìdílé wà níhìn-ín tí wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ wọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ sílẹ̀ láti kékeré, tí ọmọ náà ti hu irùngbọ̀n kí ó tó kàn án. Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí bí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá wá rí ìtọ́jú gbà tán, kí iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n tú ká láàárín oṣù mẹ́fà nítorí pé ọ̀gá ibẹ̀ kò mọ bí owó ṣe ń wọlé.

Báyìí ló ṣe ń wọlé. Aṣojú adójútòfò á lọ sílé aláìsàn, á wo ohun tí kò lè dá ṣe: wíwẹ̀, wíwọṣọ, jíjẹun, lílọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga. Wọ́n á ka iye wákàtí lọ́sẹ̀, wọ́n á fi ìwé ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́, tòun ti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn nìkan ni wọ́n máa sanwó lé. Bí ìwé bá parí lọ́jọ́ Ẹtì, tí olùtọ́jú sì lọ wẹ Màmá lọ́jọ́ Ajé, kò sẹ́ni tí yóò san owó ọjọ́ Ajé. Olùtọ́jú ti ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀ o, òfin sì sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀. Àpò yín ni yóò ti jáde.

Ká tiẹ̀ ní ohun gbogbo lọ déédéé, lẹ́yìn iṣẹ́ ni bíìlì ń lọ. Adójútòfò ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san bíìlì tí kò lábàwọ́n. Olùtọ́jú ní tirẹ̀ ń gbowó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó dé, ẹ ti san owó òṣìṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èmi kò ní í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ bí owó oṣù mẹ́ta fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá sí ní báǹkì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kò ní í dùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló tún kàn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2016 ló pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ máa jẹ́rìí sí àbẹ̀wò ìtọ́jú nílé tí Medicaid ń sanwó rẹ̀. Nǹkan mẹ́fà ni ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀: irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ṣe é, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti aago tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí. Olùtọ́jú á tẹ fóònù rẹ̀ bó bá dé, á tún tẹ̀ ẹ́ bó bá ń lọ. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ wá wo olùtọ́jú tó dé ẹnu ọ̀nà baba kan láàárọ̀, tó gbọ́ ìró láti inú balùwẹ̀. Baba ti ṣubú. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó gbé orí baba lé itan, ó pe ọmọ rẹ̀, ó nu ẹ̀jẹ̀ tó wà létí rẹ̀. Ìgbà tí yóò fi rántí fóònù, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Lójú ẹ̀rọ, kò tíì dé.

Ìjọba fàyè gba pé kí á ṣe àtúnṣe irú èyí. Mo máa pe olùtọ́jú, mo máa pe ìdílé, mo máa kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, mo máa tún aago náà ṣe kí bíìlì tó lọ. Bí bíìlì bá lọ ṣáájú àtúnṣe, tí òun àti ẹ̀rọ kò bá ara wọn mu, wọ́n á dá a padà ni. Ọjọ́ 95 ni Texas fún wa láti ọjọ́ iṣẹ́ láti fi bíìlì ránṣẹ́. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àfi tí ọ̀gá bá jẹ́ ẹni tó ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú àpótí títí di ìgbà tó bá ráyè. Mo ti rí i tí ọjọ́ kọjá lórí iṣẹ́ tí gbogbo ilé mọ̀ pé wọ́n ṣe, tí owó náà sì wọgbó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń le jù fún àwa ọmọ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ ọsibítù. Àwa kì í fi aláìsàn sílẹ̀ ní ọsibítù kó dá wà. Bí Màmá bá wọlé, olùtọ́jú tó ti ń wẹ̀ ẹ́ láti ọdún tó kọjá á tẹ̀ lé e lọ, á sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fún un ní ògì nígbà tó bá kọ oúnjẹ àwọn òyìnbó. Mo bọ̀wọ̀ fún irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀, ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Medicaid ti ń sanwó ìtọ́jú rẹ̀ fún ọsibítù, kò sì ní í san wákàtí olùtọ́jú nílé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá fi bíìlì àwọn ọjọ́ yẹn ránṣẹ́, ẹ ti gba ohun tí kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ẹ gba àgbàlé, òfin fún yín ní ọgọ́ta ọjọ́ láti dá a padà. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, ó ti di ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ ti sọ fún ìdílé àti olùtọ́jú pé bí wọ́n bá ti pe áńbúláǹsì, kí wọ́n pe ọ́fíìsì. Kí ẹ sì ti pinnu sílẹ̀ ohun tí ẹ máa ṣe fún olùtọ́jú lọ́sẹ̀ náà, bóyá ilé mìíràn ni ẹ máa rán an lọ, tàbí kẹ̀ ẹ máa san díẹ̀ fún un láti àpò yín. Òun náà ní ọmọ tó ń tọ́jú.

Mo ní láti sọ ti ẹ̀tàn pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn mí. Àwọn kan lára wa ti kọ wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe, wọ́n ti bá ìdílé pín owó rẹ̀, wọ́n sì ti ṣẹ̀wọ̀n fún un. Àwa tó kù là ń san án, torí ojú tí wọ́n fi ń wo orúkọ wa lórí ìwé kò dára mọ́. Ìjọba ní ìwé orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ gbowó Medicaid lọ́nàkọnà, Texas sì fẹ́ kí iléeṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Pásítọ̀ ló mú ẹni náà wá, ọmọ ìjọ wa ni, ó parí. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ìjọba lè gba gbogbo owó iṣẹ́ tó ṣe padà, pẹ̀lú ìtanràn.

Síbẹ̀, n kò ní í di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn èèyàn wa. Ẹ wo iye tí ìpínlẹ̀ ń gbé lé iṣẹ́ yìí. Títí di 2023, dọ́là 8.11 ni owó ìpìlẹ̀ tí Texas fi ń ṣírò wákàtí kan fún olùtọ́jú nílé. Wọ́n sọ ọ́ di dọ́là 10.60, wọ́n sì tún gbé e sí dọ́là 13 ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ìlọsíwájú ni lóòótọ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé àgbàlagbà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dùn ún, kò yẹ kó máa gba iye tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti ẹran ní ṣọ́ọ̀bù gbà, tàbí kó tiẹ̀ má tó o. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2024 sọ pé tó bá di 2030, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é gan-an. Àwọn ọ̀gá ń kùn sí i. Èmi fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí ìpínlẹ̀ kò bá fi kún owó náà, iléeṣẹ́ kéékèèké kò ní í rí owó ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìwé san, iṣẹ́ ìwé yìí gan-an ló sì ń mú kí owó òṣìṣẹ́ wọlé.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀ ń bi wá lórí fóònù lójoojúmọ́: ẹ mú Màmá wá láti ilé pẹ̀lú káàdì ìgbélùú (green card), ṣé Medicaid á sanwó olùtọ́jú rẹ̀? Láti ọdún 1996 ni òfin ti sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá gba irú káàdì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún 5 ó kéré tán kí wọ́n tó lè bọ́ sí i. Ẹ má fi Medicaid sínú ìṣirò nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà ìpè fún Màmá.

Ohun tí mò ń fẹ́ lọ́dọ̀ Texas kò ju èyí lọ. Bí ìdílé bá fọwọ́ sí i pé olùtọ́jú wá, tí iṣẹ́ náà wà nínú ìwé ìyọ̀ǹda, kí wọ́n má fi àṣìṣe fóònù nìkan dá bíìlì rẹ̀ padà. Kí wọ́n san án, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Ọdún méjì-méjì ni àwọn aṣòfin ń jókòó ní Austin, olú ìlú Texas, wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú. Àwọn onílé ìtọ́jú arúgbó kì í pa irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jẹ. Mo ti kọ̀wé sí aṣòfin agbègbè mi. Mò ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Houston, Dallas àti San Antonio pé kí wọ́n kọ tiwọn, kí wọ́n sì mú àwọn olùtọ́jú fúnra wọn dání lọ sí Austin, kì í ṣe àwọn ọ̀gá nìkan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Houston, Texas