Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ọjọ́ mẹ́rin tí n kì í kà mọ́ owó aṣọ

Ọjẹ́, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, otútù Manchester ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo rí ìwé rẹ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ fẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́rin, aṣọ tí mò ń fi ìyẹ́ ya láfún sí kí aró má baà mu ibẹ̀, pé kí n bá wọn ṣe é ní 18,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè ṣe é níye yẹn mọ́. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí o má baà rò pé ojúkòkòrò ló dé.

Ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ló wó nígbà òjò. Bíríkìlà tí mo pè mú lébírà kan dání. Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo ka 7,000 náírà fún lébírà yẹn, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò sì bá a dúnàádúrà. Ó tọ́ sí i. Ó ru omi, ó ru yanrìn títí ẹ̀yìn fi fẹ́ ẹ̀ kán. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó lálẹ́ tí mo mú ìyẹ́ adìyẹ mi, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bá mú bírò. Aṣọ funfun yáàdì 5 láti ọjà Gbági, 8,500. Láfún àti álọ́ọ̀mù, 1,200. Owó ìyá aláró, 5,000. Ó di 14,700. Ohun tó ń kù fún mi ni 3,300, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo sì fi ń ya aṣọ kan. 825 náírà lójúmọ́, Àbẹ̀kẹ́! Bí mo bá ya méje lóṣù, tí gbogbo rẹ̀ tà, 23,100 ni. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024, 70,000 ni. Tèmi kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

O ti jókòó tì mí rí, o mọ bó ṣe ń lọ. Bí láfún bá ki jù, kò ní ṣàn lẹ́nu ìyẹ́. Bó bá ṣàn jù, á tàn ká. Bí mo bá ń ya òpó gbọ̀ngàn Mápó lára àwòrán tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, tí ọwọ́ bá gbọ̀n lórí òpó kẹta, kò sí ohun tí a fi ń pa á rẹ́. Lóṣù tó kọjá, òjò ká méjì mọ́ orí okùn, gbogbo láfún rẹ̀ yọ́, mo sì tún wọn yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló san owó ọjọ́ mẹ́jọ yẹn?

Ìyá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fa àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ yọ nínú báàgì, ó ní 6,000 lòun ra tòun. Mo ní kó yí méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣá, àwòrán hàn fírífírí. Ẹ̀yìn tèmi dúdú kirikiri, torí ojú kan là ń ya láfún sí, aró á sì mu ojú kejì tán pátápátá. Ó fọwọ́ pa á, ó wò ó pẹ́. Kò rà á o, mi ò sì bínú sí i.

Mo ti wá fi 5,000 lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan (kò tíì tó ti lébírà), mo tún fi 4,300 sí i nítorí ọjọ́ òjò àti ohun èlò. Ó di 39,000. Àyà mi já nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Mẹ́ta péré ló tà lóṣù yẹn, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi lórí mẹ́ta náà jẹ́ 60,000, fún iṣẹ́ ọjọ́ 12. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá ká a, mi ò ní dín owó fún un. Iṣẹ́ ni mo máa dín. Mo ń ya ìborùn kékeré báyìí, àwòrán mẹ́fà, ọjọ́ kan.

Ìwọ náà, jọ̀wọ́, má ta á fún wọn ní iye tí mo fún ọ. Fi owó ìfiránṣẹ́ lé e, kí o sì fi ti wàhálà rẹ sí i. Mẹ́ta tí o gbé lọ lọ́jọ́sí, o kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí wọ́n bá gbà, ọjọ́ 16 ni mo máa fi yà á, yàtọ̀ sí ti aláró. Kí wọ́n sọ bóyá àwòrán Ìbàdàndùn ni wọ́n fẹ́ tàbí ti Olókun, kí o sì jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ yẹn ni mò ń lọ sí Gbági.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ