Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: bí ọlọ́pàá bá kúrò ní ilé-ìwé

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará ilé. Òtútù ti dé sí Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ ara le, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ, pé kí ọlọ́pàá kúrò ní ilé-ìwé, kò yé ọ. Pé ṣé a wá fẹ́ kí àwọn ọmọ máa gun tíṣà lórí ni. Ìbéèrè gidi ni, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ní December 2020, ní Hackney níbí, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ ọdún 15, lọ ṣe ìdánwò ní ilé-ìwé. Àwọn olùkọ́ ní òórùn igbó ń ti ara rẹ̀ wá. Wọ́n tú báàgì rẹ̀, wọ́n wo inú bàtà rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá obìnrin méjì mú un wọ yàrá ìtọ́jú, wọ́n tú u sí ìhòòhò, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ dúró síta. Ẹnikẹ́ni ò pe ìyá rẹ̀. Wọn ò rí igbó kankan, wọ́n ní kó padà sídìí ìdánwò.

March 2022 ni aráyé tó gbọ́. Ní June 2025 wọ́n lé méjì nínú àwọn ọlọ́pàá tó lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu iṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọlọ́pàá ò dédé já wọlé o, olùkọ́ ló pè wọ́n. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi lé wọn lọ́wọ́ láàárọ̀! Kì í sì í ṣe òun nìkan: láàárín 2018 sí 2020, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tú ọmọdé 650 sí ìhòòhò, àwọn ọmọ dúdú sì ju ìdajì lọ nínú àwọn ọkùnrin ibẹ̀. Ọmọ wa ni wọ́n, Àbẹ̀kẹ́. O mọ bí ọmọ Yorùbá ṣe pọ̀ tó ní Hackney àti Peckham.

Àwọn tó gbà pé ó yẹ kí ẹ̀wọ̀n àti ọlọ́pàá tán nílẹ̀ kò sọ pé kí a má bá ọmọ wí. Ruth Wilson Gilmore, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tó wà lára wọn, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí a máa fi dípò wọn ló ṣe pàtàkì jù. Wo Oakland ní California. Tẹ́lẹ̀, ilé-ìwé ìjọba ibẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ilé-ìwé yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní 2011, àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ jà títí ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé-ìwé náà fi dìbò ní June 2020 pé kí ẹ̀ka ọlọ́pàá náà kógbá sílé. Ṣùgbọ́n kí ìbò yẹn tó wáyé, ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-ìwé kan níbẹ̀ ti ń jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀ ojúkojú. Wọn ò fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo.

Ní ibi iṣẹ́ mi, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń wá sọ́dọ̀ wa, ọmọkùnrin kan fi àga fọ́ gíláàsì fèrèsé nítorí pé ẹlòmíì bú ìyá rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, a máa lé e fún oṣù kan ni, ìgboro ni yóò sì ti lo oṣù náà. Lọ́tẹ̀ yìí a pe àwọn méjèèjì jókòó, a pe ìyá tó ń gbálẹ̀ mọ́ wọn. Màmá ní òun lòun kúnlẹ̀ ṣa gíláàsì, ó na ìka tó fi báńdéèjì wé. Ọmọ náà wo ìka yẹn títí. Kò rántí Màmá rárá nígbà tó ń gbé àga. Ní Sátidé, ó ti dé kí a tó ṣílẹ̀kùn, ó di àkàbà mú fún ẹni tó wá tún fèrèsé ṣe. Ẹni tó bú ìyá rẹ̀ ò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ yẹn o, ó ṣì ń kùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì jọ ń wá, wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

O máa bi mí nípa ọ̀bẹ. Ọmọ tó mú ọ̀bẹ dání, ẹ̀rù ọ̀nà ilé ló ń ba púpọ̀ nínú wọn. A ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, dájúdájú. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sìn ín dé ibi tí yóò ti wọkọ̀, a sì ń sìn wọ́n, òjò ì báà máa rọ̀.

Ọmọ SS2 tí o ní ó jí fóònù tíṣà, tí wọ́n fẹ́ lé, ṣé wọ́n ti ṣèpàdé lórí ẹ̀? Bí wọn ò bá tíì ṣe é, jọ̀ọ́, ní kí òun àti tíṣà náà jókòó níwájú rẹ. Bi tíṣà léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Kí o sì wádìí ẹni tó ń bọ́ ọmọ náà nílé. Kọ̀wé sí mi kíákíá kí n mọ ibi tó já sí.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́