Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí apẹ̀rẹ̀ wa fi ń pẹ́ kó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, tí owó rẹ̀ sì fi lé

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú òjò yìí o.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí, lórí fóònù àti ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá, pé kí ló dé tí a fi ń gba àsansílẹ̀ ìdajì owó báyìí, tí apẹ̀rẹ̀ kan ń gba ọjọ́ 21, tí owó rẹ̀ sì ti kúrò ní ₦8,000, tó di ₦11,000. Àlàyé tọ́ sí yín.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan fẹ́ apẹ̀rẹ̀ èso 12 fún ẹrù ìyàwó ọmọ wọn. Òjò ń rọ̀, ọjọ́ ti sún mọ́, mo sì ń dá àwọn tó ń hun ún láàmú pé kí wọ́n ṣe kíá. Imọ̀ ọ̀pẹ tí kò tíì gbẹ ni wọ́n fi hun ún. Nígbà tó máa fi pé ọjọ́ mẹ́rin tó délé, funfun ti bò ó lára, ó ti bu, ó ń rùn. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe àwọn tó hun ún. Mo dá owó padà, mo bẹ ìyá náà, mo sì pinnu pé n kò ní lé ẹnikẹ́ni níré nídìí iṣẹ́ yìí mọ́.

Bàbá tó ń hun èyí tó pọ̀ jù fún wa wà ní abúlé kan lágbègbè Ìdó. Wọ́n á gé imọ̀, wọ́n á já ewé rẹ̀ dànù (igi tẹ́ẹ́rẹ́ inú ewé yẹn ló ń di ìgbálẹ̀). Wọ́n á fi ọ̀bẹ bó ẹ̀yìn igi imọ̀, wọ́n á là á wẹ́wẹ́, wọ́n á ha á títí yóò fi dán, wọ́n á sá a sóòrùn. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ àwọn tó nípọn mọ́lẹ̀ ní ìbú àti òró, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè hun tẹ́ẹ́rẹ́ yí wọn ká. Etí agbọ̀n ni Bàbá fi ń mọ iṣẹ́ ọmọṣẹ́: bí etí kò bá le, wọ́n á ní kó tú u.

Ti pankẹ́rẹ́, tí wọ́n tún fi ń hun apẹ̀rẹ̀, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú igbó tútù ló ń hù sí, ó ń fi ẹ̀gún rọ̀ mọ́ igi gun òkè, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á wọ igbó lọ fà á lulẹ̀. Igbó sì ń di ilé lójoojúmọ́.

Tẹ́lẹ̀, àwìn ni mo ń kó ọjà lọ́wọ́ Bàbá, ìgbà tí mo bá tà á tán ni mo tó ń sanwó, ó sì lè tó oṣù méjì. Kí ni wọ́n fẹ́ máa jẹ títí dìgbà náà? Nínú ₦8,000 àtijọ́, ₦3,500 ló ń kan ẹni tó hun ún. Ní báyìí, ₦6,000 ni, àsansílẹ̀ yín ni mo sì fi ń san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé imọ̀. ₦500 tó kù nínú àfikún náà, owó ọkọ̀ ló gbé e lọ. Ọmọ-ọmọ Bàbá tó ń gun ọ̀kadà ti ń bá wọn jókòó hun ún nírọ̀lẹ́ báyìí, torí ó rí i pé owó ń wọlé lọ́jọ́ tí a dá.

Ẹ wo aṣọ òkè. Òfì ò kú ní Ìṣẹ́yìn, torí pé ẹ̀yin tí ẹ ń rà á ní ọjà Òjé kì í béèrè ìdí tó fi wọ́n ju àǹkárá lọ. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi wo agbọ̀n. Àwọn ọmọ mi ò mọ ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja, wọn ò mọ àgò adìyẹ, ó sì ń dùn mí.

N kò bá rọ́bà jà, ó wà nílé mi. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ìyá tó ń ta obì: inú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú ló ń pẹ́ sí. Bí wọ́n bá dì í sínú ọ̀rá, á làágùn, á jẹrà.

Ẹ má fi omi àti ọṣẹ fọ apẹ̀rẹ̀ yín o. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sá a sóòrùn àárọ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun kéékèèké tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ gbé e padà wá kíákíá.

Ẹni tó bá fẹ́ ti ayẹyẹ oṣù Kejìlá, kó jẹ́ ká gbọ́ kí oṣù Kẹwàá tó parí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alápẹ̀rẹ̀, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn