Ẹ bá wa ka bọ́ọ̀hóòlù tó wà ládùúgbò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní Houston. Nínú oṣù kẹrin, èmi àti àwọn ìbejì mi kó àgọ́, ìkòkò àti sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, a sì gba títì I-10 láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Balmorhea là ń lọ, ọgbà ìjọba kan ní ìwọ̀-oòrùn Texas. Aṣálẹ̀ gbáà ni agbègbè yẹn: koríko gbígbẹ, igi ẹlẹ́gùn-ún, òkè tó dúdú lọ́ọ̀ọ́kán. Àárín gbígbẹ yẹn ni ìsun San Solomon ti ń tú omi jáde, nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ìjọba gbà síṣẹ́ ní àwọn ọdún 1930, ló mọ odi yí ojú ìsun náà ká, ó wá di adágún tí èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Wọn kì í da oògùn sínú omi rẹ̀. Bó ṣe ń wọlé ló ń jáde, ó ń gba inú kòtò lọ sí oko àwọn àgbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Ògùnpa ya wọ ìgboro lọ́dún 1980. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá wa ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tún fi ẹsẹ̀ kan odò mọ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, Kẹ́hìndé ló sì rọ̀ mí títí tí mo fi kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn tòun ti sìlíńdà lẹ́yìn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé a ò gbọdọ̀ sé èémí, torí pé bí èèyàn ṣe ń gòkè bọ̀ ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ̀. Ní Balmorhea, ẹnì kan kì í dá mòòkùn. Ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ pé méjì. Táyé ló kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ Sátidé, èmi tẹ̀ lé e, Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn mi. Mo di imú mú, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí etí mi lè là, mo rọra ń lọ sílẹ̀. Ibi tó jìn jù níbẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25. Omi náà mọ́ débi pé mo ń wo èékánná ẹsẹ̀ Táyé níwájú. Nísàlẹ̀ pátápátá, iyanrìn ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀ bí ògì lórí iná. Mo na ọwọ́ sókè ibẹ̀, mo sì gbọ́ bí omi ṣe ń tì í láti inú ilẹ̀. Ẹ̀rù tí ìyá mi dá sí mi láyà láti kékeré, ibẹ̀ ló ti kúrò.

Ẹja kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò gùn tó ìka mi. Ó wà lára àwọn ẹ̀dá tí òfin ń dáàbò bò kí wọ́n má bàa run. Comanche Springs pupfish lorúkọ rẹ̀, àmọ́ kò sí i mọ́ ní Comanche Springs tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Fort Stockton ni ìsun yẹn wà, nǹkan bíi wákàtí kan sí Balmorhea, omi rẹ̀ sì pọ̀ ju ti San Solomon lọ nígbà kan. Ó ń bomi rin oko tó lé ní 6,000 éékà. Àwọn kan wá gbé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ tiwọn lókè, wọ́n ń fa omi abẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó ń jẹ lára ìsun náà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún 1954, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní El Paso dá àwọn tó ń fa omi láre: ẹni tó nilẹ̀ ló nomi abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1961, ìsun náà ti gbẹ. Ó máa ń yọ díẹ̀ nígbà òtútù láwọn ọdún kan, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá sinmi omi fífà. A yà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí à ń padà bọ̀. Gbígbẹ la bá a. A dúró, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ni pé ní alẹ́ Sátidé yẹn, nínú àgọ́, aago mọ́kànlá tiwa, aago márùn-ún ìdájí ti Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Ìyá Ìbejì, kànga Bàbá ti gbẹ o. Bọ́ọ̀hóòlù ló kù ká gbẹ́. Wá nǹkan ránṣẹ́." Kànga yẹn la fi tọ́ gbogbo wa dàgbà. Ilé mẹ́sàn-án ló wà ní òpópónà wa, bọ́ọ̀hóòlù méje ló ti wà níbẹ̀ báyìí, èyí tí wọ́n gbẹ́ kẹ́yìn ló sì jìn jù.

Mo mọ̀ pé ilẹ̀ Ìbàdàn yàtọ̀ sí ti Texas. Àpáta ló wà lábẹ́ tiwa, inú ilẹ̀ tó bò ó àti ibi tí àpáta ti sán lomi ń fara pamọ́ sí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, torí ìkòkò tiwa kò tóbi. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Omi ẹ̀rọ ìjọba ò dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ lọ sílé ìwé. Àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ò mọ ògiri tí a mọ láàárín ilé sí ilé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán àwọn akọ̀ròyìn yín lọ sáwọn àdúgbò. Kí wọ́n bi àwọn ẹgbẹ́ onílé pé bọ́ọ̀hóòlù mélòó ló wà ládùúgbò wọn, báwo ni wọ́n ṣe jìn tó, kànga wo ló ti gbẹ láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ wọn. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí olúkúlùkù rí i. Bọ́ọ̀hóòlù kan tó dára, tí ilé mẹ́ta bá jọ dáwó sí, tí wọ́n jọ ń lò, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju mẹ́ta tó ń bára wọn du omi lọ.

Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n má tíì pe àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí ẹgbẹ́ onílé bá jókòó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Houston, Texas.