Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì Kì í Ṣe Àṣìpè

Sí Olóòtú,

Mo ka ojú ewé èdè nínú ìwé ìròyìn yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti to àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní àwa Yorùbá ń pè ní ìpèkúpè, tí ó sì ka “pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì” mọ́ wọn. Ó ní “peculiar mess” ni ó yẹ kí á máa wí, àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìdàrúdàpọ̀ lọ. Mo tọrọ àyè díẹ̀ lọ́wọ́ yín, nítorí kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ní baba, a sì mọ̀ ọ́n. Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC àti ti Mábọlájẹ́, tí ó di olórí alátakò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1956, ni ó fi “peculiar mess” bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣe àwọn tí wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀lé e, àgbẹ̀, alájàpá àti oníṣẹ́ ọwọ́, kò gbọ́ èdè náà. Ìró rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, ó dùn létí wọn, wọ́n gbé e relé, wọ́n sì fi sọ ọ̀gá wọn lórúkọ. Nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ máa fi pa á ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 1958, ní ẹni ọdún 42, orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn títí láé.

Ẹ wá wo ohun tí ẹnu àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ṣe. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí “mess” fi di mẹ́ẹ̀sì, bí “bus” ṣe di bọ́ọ̀sì. Ti “peculiar” ni ó dùn mọ́ mi jù: fáwẹ́lì rẹ̀ rí ségesège létí wa, ni wọ́n bá sọ gbogbo wọn di “ẹ”, kí wọ́n lè bá ti inú mẹ́ẹ̀sì mu, ni “ẹ” bá ń tò tẹ̀lé “ẹ” bí ìgbà tí agbọ̀n ọsàn bá dà nù lórí àtẹ̀gùn. Àǹkóò fáwẹ́lì, ìyẹn kí fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ bá ara wọn mu, tí mo fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì tí òógùn sì ń bò mí, ni àwọn tí kò wọ ilé ìwé rárá ṣe láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Ẹni tí ó bá pe èyí ní àṣìpè, kí ó yáa pe búrẹ́dì náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti padà sínú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Wọlé Ṣóyínká fi sí àkọlé ìwé ìrántí rẹ̀ kan tó jáde ní ọdún 1994, ó kàn gé fáwẹ́lì ìparí rẹ̀ ni.

Ní ti ìtumọ̀, oúnjẹ ni “mess” ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn oúnjẹ inú àwo tí a gbé síwájú ẹni. Ìdí nìyí tí ibi tí àwọn ọ̀gá ológun ti ń jẹun ní bárékè fi ń jẹ́ mẹ́ẹ̀sì di òní. Ó di oúnjẹ àdàpọ̀, kí ó tó wá di ìdàrúdàpọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì tiwa kò dúró síbẹ̀. Yàrá tí ọmọdé da aṣọ sí káàkiri, wúruwùru ni. Ọjà tí òjò ká mọ́, rúdurùdu ni. Kí ọ̀ràn tó di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, àwọn tí ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn lọ́ ọ pọ̀, débi pé ẹni tó dá a sílẹ̀ gan-an kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ní oṣù tó kọjá, mo wà ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí a ti ń ṣàyẹ̀wò ìwé àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Bàbá tí ó jókòó tì mí ń jẹ́ Rámónì lórí ìwé kan, ó ń jẹ́ Abdul-Rahman lórí èkejì, ẹ̀kẹta sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú tirẹ̀. Akọ̀wé ní kí ó lọ gba ìwé ẹ̀rí pé òun ni òun. Ọ́fíìsì tí yóò fún un ní ìwé náà sì ti ní kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ akọ̀wé yìí kan náà. Bàbá wo fáìlì náà títí, ó mi orí, ó ní, “Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì rè é.” Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní, “Peculiar mess ni wọ́n ń pè é, bàbá.” Bàbá ní, “Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni mo sọ, ọmọ mi. Ẹ ṣáà bá mi tú u.”

Ìdí nìyí tí ó fi dùn mí nígbà tí ìwé ìròyìn yín pe ìjàǹbá ọkọ̀ tó gba ẹ̀mí èèyàn ní pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì láìpẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ni. Kò ní iṣẹ́ kankan níbi tí òkú bá wà. Mo rọ òǹkọ̀wé yín kí ó yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn àṣìpè, kí ó fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì àti búrẹ́dì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì,
Mọ́lété, Ìbàdàn.